Àpò Kì í Ṣe ti Akápò: Àlàyé Lórí Ìjíhìn Owó Nínú Àwọn Ẹgbẹ́ Ifá Kéékèèké ní Àárín Èkìtì



Kò sí awo tí kò mọ orúkọ Akápò. Nínú ẹsẹ Ifá, Akápò ni ẹni tó ń gbé àpò Ọ̀rúnmìlà, tó ń bá a rìn láti òde kan dé òde kejì. Orúkọ yìí kan náà ni àwa Yorùbá ń pe ẹni tó ń tọ́jú owó nínú ẹgbẹ́, ìbáà ṣe ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ẹgbẹ́ awo. A kò rò pé ó yẹ kí a fojú fo èyí dá. Ẹni tó ń gbé àpò kọ́ ló ni àpò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ní olówó, ẹni tó sì rán an níṣẹ́ ni yóò padà wá jábọ̀ fún.

Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ kékeré tó ń tọ́jú Ifá àti àṣà ìbílẹ̀ ṣe lè máa jíhìn owó àti dúkìá rẹ̀. Kì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ní ọ́fíìsì àti òṣìṣẹ́ ni a ń bá wí. Ẹgbẹ́ tí a ní lọ́kàn ni èyí tí nǹkan bí ọgbọ̀n tàbí ogójì èèyàn kóra jọ sí ní Adó-Èkìtì, ní Ìyìn, ní Ìgèdè, ní Ìlawẹ̀, ní Àràmọ̀kọ tàbí ní Ìjerò, tí wọ́n ń pàdé ní ìtàdógún, tí wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ní ojúbọ kan, àga oníke mélòó kan, ìlù, àti bóyá ilẹ̀ kan tí wọn kò tí ì kọ́ tán. Ìtàn Ifá sọ pé Ọ̀rúnmìlà gbé Adó pẹ́, orúkọ ìlú náà sì wà nínú oríkì rẹ̀ títí dòní. Bí ẹgbẹ́ awo kan ní Adó bá wá tú ká nítorí owó, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Adó nìkan mọ́.

Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, inú ilé àgbà kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni ojúbọ wà, inú àpótí ìyàwó rẹ̀ ni owó ń sùn sí, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ìṣirò wà. Nígbà tí wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án, kò sí wàhálà kankan. Gbogbo wọn ló mọ iye tí wọ́n dá, gbogbo wọn ló sì jọ jẹ ẹran tí wọ́n fi owó náà rà. Ẹgbẹ́ wá di ogójì. Àwọn kan ń gbé Ìbàdàn, àwọn kan wà ní Èkó, ọ̀kan ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Owó kò gba inú àpótí mọ́, orí fóònù ló ń gbà wọlé, inú àkáǹtì ẹnì kan ló sì ń bọ́ sí, àkáǹtì tí ẹni náà fi ń gba owó oṣù rẹ̀ tàbí owó ọjà rẹ̀. Ó lè má jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó ya ti ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò nínú tirẹ̀, òun gan-an kò ní lè yà á.

Ibẹ̀ ni gbọ́nmi-si-i-omi-ò-to-o ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n fura sí ni olè. Ẹlòmíràn wà tó kàn gba owó lórí ìrìn, tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, tó gbàgbé. Ẹlòmíràn yá owó ẹgbẹ́ nítorí ọmọ tó wà ní ọsibítù, ó ní òun á dá a padà kí ọdún tó yí po, àmọ́ ọdún yí po, owó kò sí. Bí kò bá sí ìwé, kò sí bí a ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì yìí àti olè gidi. Orúkọ kan náà ni ará ìlú yóò fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwa awo tún ní ìṣòro kan tó jẹ́ tiwa. Nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹnikẹ́ni lè dìde kó ní, "Owó wa dà?" Nínú ẹgbẹ́ awo, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ Olúwo tó tẹ̀ ọ́ nífá, tó gbé ikin lé ọ lọ́wọ́. Ta ni yóò bi í? Ọmọ awo tó bá bèèrè, wọ́n á ní ó rí àgbà fín. Èyí tí kò bèèrè, abẹ́lẹ̀ ni yóò ti máa kùn, láti ilé kan dé ilé kejì. Lójú tiwa, kíkùn yìí ló ń fọ́ ẹgbẹ́ ju ìbéèrè lọ.

Ọ̀nà tí a rí gbà yọ nínú èyí kò le. Kí ìṣirò owó ní ọjọ́ tirẹ̀, kí ó máa wá fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá ṣe ń wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè. Bí ọjọ́ bá pé, akápò á dìde, á kà á fún gbogbo èèyàn. Kò sí ẹni tó bú àgbà, kò sí ẹni tó fura sí àgbà. Ọjọ́ ló pé. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọjọ́ pé tí ìwé kò jáde, kì í ṣe ọmọ awo ló ń bi Olúwo léèrè, òfin tí Olúwo fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ló ń bèèrè. Ẹ rí i pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Káàdì alájọ

A máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àṣà òyìnbó ni ìjíhìn owó, pé ìfọkàntán ni tiwa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ka owó lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹni tó bá sì ní òun nìkan ni yóò kà á, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀. Èsúsú náà ti wà nílẹ̀ yìí kí báńkì tó dé. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí Ifá mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, tẹ àlàyé kan jáde lórí èsúsú ní 1952. Ó sọ níbẹ̀ pé bí èsúsú bá tóbi, wọ́n á pín àwọn tó ń dá a sí ọ̀nà ọ̀nà, olórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan á sì máa dúró fún àwọn tirẹ̀. Ẹni tó dá èsúsú sílẹ̀ lè má mọ gbogbo wọn lójú, ṣùgbọ́n olórí ọ̀nà mọ̀ wọ́n, òun náà ni yóò dáhùn bí owó bá dín. Kò síbi tí owó ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò sí ojú ẹlòmíràn lára rẹ̀.

Ẹ tún wo alájọ tó ń yí po Ọjà Ọba ní Adó. Oníbàárà ní káàdì tirẹ̀, alájọ ní ìwé tirẹ̀. Bí ìyá aláta bá dá owó lónìí, alájọ á fa ìlà sí káàdì, á fa ìlà sí ìwé. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á mọ̀. Owó iṣẹ́ alájọ pàápàá kì í ṣe àdììtú: owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni, gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó ń jà lé e lórí. Ìyá tí kò ka ìwé rí mọ iye ìlà tó wà lórí káàdì rẹ̀. A wá ń bi ara wa pé kí ló lè mú kí awo tó mọ orúkọ Odù 256 lórí má mọ iye tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ awo lè mú nínú ìwà alájọ ni pé kí gbogbo owó tó bá wọlé ní àkọsílẹ̀ méjì, lọ́wọ́ ẹni méjì. Kí akọ̀wé máa kọ tirẹ̀, kí akápò máa kọ tirẹ̀. Kí ẹni tó san owó gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà. Bí ìpàdé bá parí, kí wọ́n fi ìwé méjèèjì wé ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Orúkọ ta ló wà lórí ilẹ̀ náà?

Ọ̀rọ̀ owó kò tí ì le tó ti ilẹ̀. Owó tó bá sọnù, a lè dá òmíràn. Ojúbọ tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí. Ẹgbẹ́ dá owó jọ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ra ilẹ̀. Nígbà tí ẹni tó tà á fẹ́ kọ ìwé, ó bèèrè orúkọ, gbogbo wọn ní kó kọ orúkọ bàbá, ìyẹn Olúwo, nítorí òun ni àgbà. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n rò pé àwọn ṣe. Bàbá papò dà, kò sì ṣe ìwé ìhágún. Lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ Yorùbá tí ilé ẹjọ́ mọ̀, ohun tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ rà di ohun ìní ẹbí fún gbogbo ọmọ rẹ̀ bí ó bá kú láìṣe ìwé ìhágún. Orúkọ bàbá wọn ni àwọn ọmọ rí lórí ìwé. Àwọn kan nínú wọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń kírun. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń dá owó, ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn kò sì dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Kí ni ẹgbẹ́ ní láti fi hàn? Ìrántí. Àwọn tó lè jẹ́rìí sí ìrántí náà sì ń dín kù lọ́dọọdún. Bí ojúbọ ṣe ń di ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, láìsí ẹni tó jalè.

Ìṣòro yìí ti pẹ́. Ní 1924 ni ìjọba amúnisìn ti ṣe òfin kan tó jẹ́ kí ìjọ àti ẹgbẹ́ lè yan àwọn alágbàtọ́ tí yóò di ilẹ̀ mú ní orúkọ gbogbo wọn, kí ikú ẹnì kan má baà yẹ ilẹ̀ náà nípò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gan-an ló bí òfin yẹn, bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn. Àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì lò ó dáadáa. Ní 1990, òfin ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní CAMA gba ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí CAMA tuntun tó rọ́pò ti 1990.

Lábẹ́ òfin yìí, bí àjọ CAC bá ti forúkọ àwọn alágbàtọ́ ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwọn àti àwọn tí yóò jẹ lẹ́yìn wọn di ẹnì kan ṣoṣo lójú òfin. Ẹni náà lè ra ilẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́. Alágbàtọ́ lè kú, ẹni yìí kò ní kú. Ẹ̀yin tó mọ bí oyè ṣe ń rí kò ní bá èyí jìjàkadì: Ewí kan a wàjà, ipò Ewí kì í wàjà.

Ohun tí òfin bèèrè kò pọ̀ ju ohun tí ẹgbẹ́ tó wà létòlétò ti ń ṣe lọ. Ó fẹ́ rí àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti yan àwọn alágbàtọ́, àwọn tó wà níbẹ̀, àti iye ìbò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ohun tó lòdì sí i ní ọjọ́ 28 láti sọ ọ́. Ọmọdé kò lè ṣe alágbàtọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú wa ni pé bí ẹgbẹ́ bá ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ìwé òfin ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ sọ bí wọn yóò ṣe máa ná an, bí wọn yóò ṣe máa kọ ìṣirò rẹ̀, àti bí ẹlòmíràn yóò ṣe máa yẹ ìṣirò náà wò. A ti rí ìwé òfin ẹgbẹ́ tó fi ojú ewé mẹ́rin sọ nípa aṣọ ọdún, tó wá fi ìlà kan sọ nípa owó. Ẹ yí i padà.

Abala 839 nínú òfin 2020 dá ariwo sílẹ̀. Ó fún CAC ní agbára láti dá alágbàtọ́ dúró bí ó bá gbà pé wọ́n ń ṣe owó ẹgbẹ́ báṣubàṣu. Ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, CAN, kọ̀ ọ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́; ọ̀pọ̀ nínú àwa onísẹ̀ṣe náà kò fẹ́ kí ìjọba máa yọjú sínú igbódù. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí a mọ ohun tí ojú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ti rí lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú abala náà tí ariwo bò mọ́lẹ̀: ìdá kan nínú márùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ lè gbé ẹ̀bẹ̀ lọ síwájú ilé ẹjọ́ láti dá àwọn alágbàtọ́ dúró. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni ogójì, èèyàn mẹ́jọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ agbẹjọ́rò. Tiwa ni pé, ẹgbẹ́ tó ń ka ìṣirò rẹ̀ ní gbangba kì í sábà bí èèyàn mẹ́jọ tí inú wọn ru tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀? Èèyàn mẹ́sàn-án tó ń bọ Ifá pọ̀, tí wọn kò ní ilẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé òfin ojú ewé méjì àti ìwé owó kan. Bí ilẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́, a kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ń falẹ̀. Ẹ sì fi sọ́kàn pé kí báńkì tó ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ wọn máa ń bèèrè ìwé CAC, àti ìwé SCUML láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó tí ipa rẹ̀ kò mọ́. Bí àkáǹtì bá ṣí, kí èèyàn mẹ́ta jẹ́ olùfọwọ́sí, kí méjì nínú wọn máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí àwọn méjì náà má sì jẹ́ tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá kan náà.

Ìṣirò ọdún kan lójú ewé kan

Àwọn kan ń sá fún ìṣirò nítorí wọ́n rò pé iṣẹ́ akáǹtì ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ọ̀kan pọ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 40, tí ọdún yìí jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ ìwé. ₦500 ni owó ìtàdógún. Ìtàdógún ju ọ̀sẹ̀ méjì òyìnbó lọ díẹ̀, ọjọ́ 16 gbáko ló wà láàárín ìpàdé kan àti èkejì, nítorí náà ìpàdé 22 tàbí 23 ló máa ń bọ́ sínú ọdún kan. (Ibí ni ọ̀pọ̀ akápò ti ń ṣìnà: báńkì ń ka oṣù 12, àwọn ń ka ìtàdógún.) Ká mú un ní 22. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yẹ kó san ₦11,000, gbogbo rẹ̀ yẹ kó jẹ́ ₦440,000. Èèyàn 31 san pé, ìyẹn ₦341,000. Èèyàn 6 san ìdajì, ₦33,000. Àwọn mẹ́ta kò san nǹkan kan. Owó tó wọlé jẹ́ ₦374,000, gbèsè tó wà níta jẹ́ ₦66,000. Kí akápò ka gbèsè náà pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé owó tí kò wọlé ló jẹ.

Lọ́jọ́ ọdún Ifá, àwọn èèyàn ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ ₦265,000. Àpapọ̀ di ₦639,000. Ìnáwó ọdún gba ₦310,000. Ìtọ́jú aláìsàn àti ìsìnkú gba ₦140,000. Owó ọkọ̀ àti àlejò gba ₦61,000. Ìwé, báírò àti owó tí báńkì yọ gba ₦19,000. Gbogbo èyí jẹ́ ₦530,000. Ó ku ₦109,000.

Ọmọ ìlú kan láti òkè òkun wá fi ₦600,000 ránṣẹ́ fún òrùlé ojúbọ. Wọ́n ti ná ₦420,000, ó ku ₦180,000. Owó yìí ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ. Owó òrùlé ni, kì í ṣe owó ọdún, kì í ṣe owó ìsìnkú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àkáǹtì kan náà ló wà. Bí ẹgbẹ́ bá fi ₦50,000 nínú rẹ̀ ra màlúù ọdún pẹ̀lú ọkàn rere, wọ́n ti yẹ̀ lórí ohun tí ẹni tó fún wọn sọ. Kí ó ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé.

Ní ìparí, ₦109,000 àti ₦180,000 jẹ́ ₦289,000. Kí akápò gbé ìwé báńkì jáde: ₦252,000 ló wà níbẹ̀. Kí ó ka owó tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀: ₦37,000. Ó dọ́gba. Èyí gan-an ni gbogbo ìṣirò ń wá. Bí kò bá dọ́gba, kí ẹ má dìde títí ẹ ó fi mọ ìdí, kí ẹ sì kọ ìdí náà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí kì í ṣe olóyè owó kó ìwé náà lọ sílé, kí wọ́n fi rìsíìtì wé e, kí wọ́n sì wá jábọ̀ ní ìtàdógún tó tẹ̀ lé e. Òfin 2020 ní kí ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ tọ́jú ìwé ìṣirò rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ má fi wọ́n di ẹ̀pà.

Owó awo àti owó ẹgbẹ́

Ìbéèrè kan wà tí a kì í bá lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Bí aláìsàn bá wá sí ojúbọ ẹgbẹ́, tí awo kan dá Ifá fún un, tó gba owó, ta ló ni owó náà? Awo á ní òun ló dá a, òun ló ru ẹbọ. Ẹgbẹ́ á ní abẹ́ òrùlé wa lo jókòó sí. Ẹni méjèèjì ló ní ẹjọ́.

Òfin ìjọba kò bá èyí jà. Ó sọ pé ẹgbẹ́ tó ní alágbàtọ́ kò gbọdọ̀ pín owó tàbí dúkìá rẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ bí èrè, ṣùgbọ́n ó gbà kí a san owó tó tọ́ fún ẹni tó ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: apá kan jẹ́ ti awo tó ṣiṣẹ́, apá kan jẹ́ ti ojúbọ, iye báyìí ni. Kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Nígbà tí a bá pa ẹran ọdún, ta ni nínú wa ni kò mọ ìpín tirẹ̀? Ojú gbogbo èèyàn la ti ń pín in, ẹni tó bá gba ìpín ẹlòmíràn á gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà kí ó tó délé. Kí a pín owó bí a ṣe ń pín ẹran.

Irú rẹ̀ náà ni owó tí àwọn olùwádìí ń mú wá. UNESCO kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún àìfojúrí tó ṣe iyebíye fún aráyé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ wọn ní 2008. Àwọn tó fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, tó fẹ́ ya fídíò, ń wá. Ohun tí wọ́n bá fún ẹgbẹ́, kí ó wọ inú ìwé. Ohun tí wọ́n bá fún awo tó kì Ifá fún wọn, kí ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin olùwádìí náà, a rọ̀ yín: ẹ gba rìsíìtì. Àpò ìwé tí ẹ fi lé àgbà lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀ ti da ilé rú rí.

Ti àwọn ọmọ wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ̀ pé lọ́hùn-ún, bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé bèèrè ìṣirò ọdún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àánú, ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ fún un láàárín oṣù méjì, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Àjọ tó ń bójú tó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti 1853. Nítorí náà, bí wọ́n bá bèèrè fọ́tò òrùlé àti rìsíìtì páànù, kì í ṣe pé wọn kò gbà wá gbọ́. Bí wọ́n bá fi orúkọ ẹgbẹ́ àánú kó owó náà jọ lọ́hùn-ún, wọ́n á jíhìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí àpò yóò gba ọwọ́ dé ọwọ́

Ó ku ọjọ́ tí akápò kan bá ń fipò sílẹ̀. Kí ó má fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan sílẹ̀. Kí ó kó ohun gbogbo sórí ẹní níwájú ẹgbẹ́: ìwé owó, rìsíìtì tí wọn kò tí ì lò pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, ìwé báńkì, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, ìwé ilẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ojúbọ, iye àga, iye ìlù. Kí akọ̀wé kọ wọ́n, kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka. Kí wọ́n yí orúkọ padà ní báńkì kí oṣù náà tó tán; a mọ ẹgbẹ́ tí òkú ṣì ń jẹ́ olùfọwọ́sí rẹ̀.

Ní ti àsìkò, a dá a lábàá pé kí ìkàjáde ìṣirò máa wáyé ní ìpàdé tó kẹ́yìn ọdún Ifá. Ní Ilé-Ifẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀. Ní Adó, oṣù Kẹjọ ni Ùdírókò máa ń bọ́ sí. Láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà àti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni CAC ń gba ìwé ọdọọdún lọ́wọ́ ẹgbẹ́, yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ti ka ìṣirò rẹ̀ kí Ùdírókò tó dé ní oṣù mẹ́rin gbáko lẹ́yìn ọdún náà láti fi ìwé ránṣẹ́, orúkọ àwọn alágbàtọ́ àti ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ ní á sì ti wà nínú rẹ̀.